Ejò Tó Ń Lé Ẹ́ńjìnnì Nínú Ẹ̀gún

Àgbàlagbà kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, a jẹ́ pé ejò ń lé e. Inú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọgbọ́n òwe náà wà. Lókèèrè, ojú kan náà ni eré méjèèjì ní. Ẹni tó ń lé ejò ń sáré, ẹni tí ejò ń lé náà ń sáré, ẹ̀gún ò sì dá ẹsẹ̀ ẹnì kankan sí nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ wọn yàtọ̀. Ẹni àkọ́kọ́, a ó ní kó fi ejò sílẹ̀. Ẹni kejì, a ó bá a pa ejò.

Òwe yìí máa ń wá sí mi lọ́kàn bí iná ìkìlọ̀ bá tàn níwájú ẹni tó ń wa pelódà tàbí típà ńlá, tí agogo ń dún pé ẹ́ńjìnnì ti sáré kọjá ààlà. Àgbàlagbà ni ẹ́ńjìnnì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ti ọ̀kadà tó ń han gooro. Púpọ̀ nínú wọn, nǹkan bí ìyípo 2,000 ní ìṣẹ́jú kan ló tó wọn ṣe iṣẹ́ tó le jù. Agbára ni wọ́n ní, wọn ò ní eré. Bí irú wọn bá wá dé 2,500, ejò wà níbì kan.

Ewu ibẹ̀ ju ariwo lọ. Bí eré bá ti 2,000 dé 2,400, ìdá kan nínú márùn-ún péré ló fi pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n agbára tí písítìnì fi ń fa kọ̀nrọ́ọ̀dù nígbà tó bá dé òkè, tó fẹ́ yí padà, á fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀. Sípíríǹgì tó ń ti fáàfù padà kò ní lè bá eré náà mu mọ́. Fáàfù á ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí písítìnì bá ń bọ̀ lókè, irin á sì kan irin. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó láti ba ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà rà jẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìdajì òwe náà ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń lò. Ẹ́ńjìnnì sáré, wọ́n ní epo ló yó, wọ́n sì tú pọ́ǹpù epo sílẹ̀. Lóòótọ́, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, irin tó ń wọn epo nínú pọ́ǹpù lè há sí ibi tí epo ti ń ya wọlé, kí gọ́fánọ̀ tó yẹ kó dá eré dúró má lè fà á padà. Nínú tòde òní, ínjẹ́kítọ̀ lè máa jò. Ẹ́ńjìnnì ló ń lé ejò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú pọ́ǹpù tó dá ṣáṣá, ẹ ti fi owó ṣòfò, ejò sì wà níbi tó wà.

Ejò kejì, èyí tó ń lé ẹ́ńjìnnì, orí òkè ló sábà ń ti wá. Ẹ wo típà tó ru òkúta, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n Aláayè ká. Ẹrù ń ti táyà, táyà ń yí jíà, jíà ń yí ẹ́ńjìnnì. Kọ̀ǹpútà lè ti dá epo dúró pátápátá, kí ẹsẹ̀ awakọ̀ má sí lórí tòtù rárá, síbẹ̀ kí eré máa gòkè, torí epo kọ́ ló ń mú un sáré. Ẹrù ló ń lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹni tó ń wà á bá já jíà wálẹ̀ láti ìkarùn-ún sí ìkejì lójijì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré.

Ìrírí irú èyí ló bí ọ̀kan nínú àwọn ohun tó wúlò jù lọ fún ọkọ̀ ńlá. Ní 1931, Clessie Cummins, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ń sọ̀ kalẹ̀ ní Cajon Pass ní California nínú ọkọ̀ ẹrù, bíréèkì sì gbóná títí tí kò fi mú mọ́. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá nísàlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n kọ lù ú. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló rí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi lè dá ara rẹ̀ dúró: bí písítìnì bá ti ki afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ tán, fáàfù èéfín á ṣí, afẹ́fẹ́ á jáde, kò ní ráyè ti písítìnì padà. Agbára tí ẹrù ń tì í fi ń bọ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ilé iṣẹ́ Jacobs gbé e jáde fún títà ní 1961. Ẹni tó bá ní i lára ọkọ̀ rẹ̀, tí kò sì tàn án kó tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ti fi ọ̀kọ̀ sílé lọ sójú ogun. Ẹni tí kò ní ńkọ́? Kó sọ jíà rẹ̀ wálẹ̀ lórí òkè, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn jẹ́jẹ́.

Báwo la ṣe ń mọ ejò tó jẹ́? Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ń pa àkọsílẹ̀ mọ́. Nínú èdè J1939 tí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ń sọ, 190 ni nọ́ńbà eré ẹ́ńjìnnì. Bí 0, 15 tàbí 16 bá tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà ń sọ pé ìròyìn tó dé etí òun ṣeé gbà, iye rẹ̀ ló ga jù. Bí 2 bá tẹ̀ lé e, ìròyìn fúnra rẹ̀ ni kò dúró sójú kan. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe pàtàkì ju spánà lọ ní wákàtí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wọn, ẹ wo jíà tó wà, ibi tí tòtù wà, àti eré táyà, bí ẹ̀rọ náà bá fi wọ́n pamọ́.

Kí ẹ sì bi ẹni tó wà á. Púpọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rù pé a ó lé àwọn lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà wọ́n á ní àwọn kò ṣe nǹkan kan. Ọmọṣẹ́ tó bá lọ bá ọkùnrin tó ti ń wa katapílà kí wọ́n tó bí i, tó ní, “Kí lẹ ṣe fún ẹ́ńjìnnì yìí?”, kò ní gbọ́ òótọ́. Kó kí wọn, kó jókòó, kó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ dé nígbà tí iná yẹn tàn? Ṣé etí yín gbọ́ pé ó ké?”

Ìbéèrè kejì yẹn ṣe kókó, torí òwe wa kò sọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́rìí tó ń purọ́. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan ló ń ka eyín jíà bí ó ti ń kọjá níwájú rẹ̀. Bí wáyà rẹ̀ bá ti bó lẹ́bàá páìpù gbígbóná, tàbí tí èérún irin lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, á ka ohun tí kò kọjá. Àgbà jókòó sílé jẹ́jẹ́, wọ́n ní ó ń sáré nínú ẹ̀gún. Bí bàbá bá ní òun kò gbọ́ ohùn kankan, ẹ gbà á gbọ́ títí ẹ ó fi yẹ wáyà náà wò. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì náà ní sẹ́ńsọ̀ méjì. Bí ọ̀kan bá ní eré gòkè tí èkejì sì ní kò gòkè, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Ejò kan ṣì wà tí kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni lójijì: ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ oúnjẹ tí a kò gbé fún un. Bí táàbò bá bàjẹ́, tí ọ́ìlì ń jò gba ibẹ̀ wọlé, tàbí tí gáàsì wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń mí, pípa kọ́kọ́rọ́ kò ní dá a dúró, nítorí kì í ṣe epo inú táńkì ló ń jẹ. Ní Texas City ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, 2005, oru epo bo ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn nínú ọgbà ìfọpo. Ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀. Ìwádìí ìjọba gbà pé òun ló ṣeé ṣe jù kó dá iná tó sọ níbẹ̀ sílẹ̀. Ènìyàn 15 kú. Dídí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn ni ọ̀nà tó dájú jù láti dá irú rẹ̀ dúró: kí fáàfù tó ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí gbogbo èèyàn sì sá jìnnà. Ẹ má fi ọwọ́ dí i láé.

Bó bá wá jẹ́ pé òótọ́ ló sáré, ẹ má tíì pa àkọsílẹ̀ rẹ́, ẹ má sì tíì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ yẹ àlàfo fáàfù wò. Ẹ tú fílítà ọ́ìlì, ẹ gé e, ẹ na bébà inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn, kí ẹ sì wò ó dáadáa bóyá irin ń dán níbẹ̀.