Títọ́ àkèré aràrá nínú ilé: ebi ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀

Àkèré aràrá tí wọ́n ń tà nílé ìtajà ẹja ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ adúláwọ̀. Inú omi igbó tí kì í ṣàn, láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò, ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Hymenochirus boettgeri ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí tó wọ́pọ̀ jù. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 lọ, inú omi ló sì ń gbé tọ̀sán-tòru, àfi ìgbà tó bá yọrí síta láti mí.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bímọ ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tó rà. Àwọn ọlọ́jà kan a máa ta ọmọ Xenopus laevis, àkèré eléèékánná ti ìhà gúúsù Áfíríkà, mọ́ wọn. Ẹsẹ̀ iwájú ni kí ẹ wò: awọ wà láàárín ìka ti aràrá, kò sí níbi ti Xenopus. Bí èyí bá dàgbà tán, ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, yóò sì gbé àwọn tí wọ́n jọ ń gbé mì. Òfin ìpínlẹ̀ California kò tilẹ̀ fàyè gbà á pé kí ẹnikẹ́ni máa sìn ín sílé, nítorí ìran rẹ̀ ti bọ́ sínú odò wọn.

Gígùn kò ṣòro fún aràrá. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí wọ́n ti yọ klórínì inú rẹ̀, àti oúnjẹ gidi bíi ekòló gígé àti tanwíjí, ti tó. Akọ ní kókó kékeré lẹ́yìn abíyá, òun náà ló sì ń kùn lóru láti fa abo mọ́ra. Yóò di abo mú níbàdí, abo yóò gbé e lọ sókè, wọn yóò sì máa yé ẹyin díẹ̀díẹ̀ sójú omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ti fi ṣíbí bu ẹyin náà sínú abọ́ mìíràn, torí ìyá àti bàbá kì í pẹ́ jẹ ẹ́.

Ẹyin a máa pa ní nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ọmọ onírù tó bá jáde yóò lẹ̀ mọ́ ara abọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, oúnjẹ inú ẹyin ni yóò sì máa jẹ. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ ni wàhálà dé. Ọmọ Xenopus ń sẹ́ ewédò wẹẹrẹ láti inú omi jẹ, ṣùgbọ́n ọdẹ ni ọmọ aràrá: ojú ló fi ń wá ẹran, ẹnu ló fi ń fà á mì. Ìyẹ̀fun oúnjẹ ẹja kò wúlò fún un, ńṣe ni yóò máa ba omi jẹ́. Ẹ̀dá tíntìntín tó ń hù nínú omi tí ewé lẹ́tùúsì ti ń rà ni oúnjẹ àkọ́kọ́ rẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí omi bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹyin tó pa. Lẹ́yìn èyí ni edé wẹẹrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nínú omi iyọ̀. Nígbà tí ìrù bá ń sún kì, oúnjẹ kì í wù wọ́n. Ẹ má ṣe bẹ̀rù.

Àwọn òbí tó ń rà á fún ọmọdé ní láti mọ̀ pé láàárín ọdún 2009 sí 2011, àrùn Salmonella tí wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àkèré aràrá mú èèyàn tó lé ní 200 ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Ara àkèré náà lè le kó sì ní kòkòrò àrùn náà. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọwọ́ lẹ́yìn gbogbo ìtọ́jú, ẹ má sì da omi rẹ̀ sí ibi tí ẹ ti ń fọ abọ́ oúnjẹ.