Ìkòkò Aró àti Kẹ́mísírì Tí A Há Sórí

Gbogbo àwa tí a ṣe sáyẹ́ǹsì ní Òsí, Ìlọ́fà àti àwọn ìlú tó yí wọn ká la rántí bí a ṣe há "oxidation" àti "reduction" sórí nítorí WAEC. A gba máàkì, a sì gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, aṣọ aró ni àwọn ìyá àgbà wa ró dàgbà, inú ìkòkò aró sì ni ohun tí a há sórí yẹn wà.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìkòkò náà wò. Aláró á gún ewé ẹ̀lú, á ṣù ú, á sá a gbẹ. Á jó igi di eérú, á da omi gba inú eérú náà kọjá. Omi tó bá sẹ̀ jáde á máa yọ̀ lọ́wọ́, nítorí potassium carbonate wà nínú rẹ̀: alkali ni. Aláró á fi ahọ́n tọ́ ọ wò bóyá ó ti mú tó. Indicator tirẹ̀ nìyẹn.

Aró búlúù kì í yòrò nínú omi, nítorí náà kò lè wọ inú òwú. Tí ẹ̀lú bá ti wà nínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn kòkòrò àìfojúrí á fún aró náà ní electron. Reduction nìyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, á sì yòrò. Tí a bá wá yọ aṣọ kúrò nínú ìkòkò, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á gba electron yẹn padà: oxidation. Aṣọ á di búlúù lójú wa báyìí, aró á sì há sínú òwú.

Ní 1880, Adolf von Baeyer ará Jámánì ṣe aró láìlo ewé. Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Nígbà tó yá, aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dé Abẹ́òkúta, ojúko àdìrẹ. Eérú ń gba igi àti ọjọ́ púpọ̀. Sódà kò gbà á. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ní 0.1 mol/dm³, pH potassium carbonate jẹ́ bí 11.6, ti sódà sì jẹ́ 13. Hydroxide inú sódà fi bí ìlọ́po 20 ju ti èkejì lọ. Ìyàtọ̀ alkali tó le àti èyí tí kò le nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó le báyẹn, àṣìṣe díẹ̀ nínú ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe kékeré. Ẹ̀sùn dé pé aṣọ ń ṣá, ó sì ń tètè gbó. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de aró òyìnbó àti sódà, ní 1936 àwọn obìnrin aláró sì fẹ̀hónú hàn. Ọjà ti kú tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tún padà sídìí eérú, kí ni wọn yóò jẹ?

A kò sọ pé àwọn aláró mọ orúkọ electron. Ohun tí a ń sọ ni pé ìjà tó kan oúnjẹ wọn, ìjà kẹ́mísírì ni, ọwọ́ wọn sì ti mọ̀ ọ́n kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, nígbà tí a bá padà sílé láti kọ́ àwọn àbúrò wa ní lẹ́sìnnì, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìkòkò aró, ká tó kọ equation sójú pátákó. Bí ìyá kan bá sì wà ní àdúgbò tó ti rẹ aró rí, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó tì í.