Ìṣirò Ìwọ̀n Oògùn fún Aláboyún

Ìṣirò ìwọ̀n oògùn fún aláboyún ni ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn tó ń fi kọ̀ǹpútà tọ ipasẹ̀ oògùn nínú ara obìnrin tó lóyún: bó ṣe ń wọ ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú, àti bó ṣe ń yára jáde tó. Torsten Teorell, onímọ̀ ará Sweden, ló fi ìpìlẹ̀ irú ìṣirò yìí lélẹ̀ ní 1937.

Ara ń yí padà bí oyún ti ń dàgbà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdajì lé sí i, kíndìnrín sì ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀ ń yára fọ́ lamotrigine, oògùn wárápá, débi pé gìrì lè padà dé bá ẹni tí kò fo oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n káfíìnì inú kọfí ń pẹ́ lára aláboyún. Nítorí náà, àwọn dókítà kò lè kàn fi ìdá kan náà kún gbogbo oògùn.

Ẹ̀rù thalidomide ló mú kí ìdánwò oògùn máa yẹra fún aláboyún. Ó lé ní 10,000 ọmọ kárí ayé tí oògùn èébì àárọ̀ yìí ṣe ní jàǹbá kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà. Ní Jámánì, oṣù Kọkànlá 1961 ni wọ́n kó o kúrò.

Láti dí àlàfo tí èyí fi sílẹ̀, àwọn oníṣirò ń ya ara sí ẹ̀yà: ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ibi ọmọ. Wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n rẹ̀ àti iye ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá bí ọ̀sẹ̀ oyún ti ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀nba aláboyún tó ń lo oògùn náà ni wọ́n fi ń yẹ èsì wò.

Ní 2009, ìṣirò lórí àwọn aláboyún ní Thailand dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi ọjọ́ kún ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń lo lumefantrine, oògùn ibà, dípò kí wọ́n fi hóró kún ti ojúmọ́. Ìfun kì í gba èyí tó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn onímọ̀ Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àti ti Liverpool náà ṣe ìṣirò efavirenz, oògùn HIV, tó ń gba inú ọmú dé ara ọmọ. Bí ìyá bá jogún ẹ̀dà tó ń lọ́ra ti CYP2B6, àbùdá tó ń darí bí ara ṣe ń fọ́ efavirenz, oògùn náà ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ọmú rẹ̀.

Ìwọ̀n nìkan ni irú ìṣirò yìí ń sọ. Àkọsílẹ̀ ìbí ni wọ́n fi ń mọ jàǹbá, bíi ti Botswana, níbi tí ìfura ti dìde sí dolutegravir, oògùn HIV mìíràn, ní 2018, tí àkọsílẹ̀ ìbí púpọ̀ sí i sì mú un rọlẹ̀ lẹ́yìn náà.