Táímìnì

Lẹ́nu mẹkáníìkì, táímìnì ni ìgbà tí plọ́ọ̀gì ń ta iná sí epo àti afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì. Kì í dúró kí písítìnì gòkè tán, nítorí iná náà kì í ràn tán lẹ́ẹ̀kan náà. Dígírì la fi ń ka bó ṣe ṣáájú tó. Bí afẹ́fẹ́ tó wọlé bá pọ̀, iná á yára ràn, a ó sì dín ìṣáájú náà kù. Àìdín-in-kù lè mú kí ẹ́ńjìnì máa kan gbà-gbà-gbà. Láyé dísítíríbútọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, ọwọ́ ni mẹkáníìkì fi ń yí ẹ̀rọ náà láti ṣètò ìpìlẹ̀ táímìnì. Ní 1979, ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé Motronic sínú ọkọ̀ BMW 732i: kọ̀ǹpútà ń wo afẹ́fẹ́ àti eré ẹ́ńjìnì, ó ń yan dígírì fúnra rẹ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń wo afẹ́fẹ́ bá dọ̀tí, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ kí ẹ tó dá plọ́ọ̀gì lẹ́bi.