Victoria Aguiyi-Ironsi: Ìyàwó ọ̀gágun tí ìṣẹ̀lẹ̀ Lálúpọn sọ di opó

Oko àti ìlú kéékèèké ló pọ̀ jù ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìyànà Ọ̀fà, nítòsí Ìbàdàn. Lálúpọn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú náà. Bó ti wù kí ìlú yìí kéré tó, orúkọ rẹ̀ kò lè parẹ́ nínú ìtàn Nàìjíríà. Agbègbè rẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà kó Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè yìí, àti Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lọ, tí wọ́n sì ti yìnbọn pa àwọn méjèèjì ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 1966.

Ìtàn Fájuyì ni àwọn Yorùbá máa ń sọ jù, pé kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ojú ikú. Ìtàn mìíràn wà tí wọn kì í sábà sọ mọ́ ọn, èyíinì ni ti obìnrin tí àlejò náà fi sáyé lọ. Victoria Nwanyiocha Aguiyi-Ironsi ni orúkọ rẹ̀. Kò pé oṣù méje tó fi jẹ́ ìyàwó olórí orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ọdún 55 ló fi jẹ́ opó.

Oṣù kọkànlá, ọdún 1923, ni wọ́n bí obìnrin yìí. Ọkùnrin tó fẹ́, ọmọ Ìbéku ní Umuahia, nílẹ̀ Ìgbò, ti wọṣẹ́ ológun láti ọdún 1942, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́. Kúrúù ni Ironsi nígbà tó wọlé, kò wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ọdún 1949 ló tó di ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà díẹ̀ tí òyìnbó fi joyè ọ̀gá ológun. Láti ìgbà náà, ìrìn àjò kò dáwọ́ dúró fún ìdílé rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956, Ironsi wà lára àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n yàn láti máa bá a rìn. Ní 1960, ó jẹ́ ọ̀gá àwọn ṣọ́jà kan ní Kánò, ó sì kó wọn lọ sí Kóńgò láti báwọn pẹ̀tù sí ogun ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1964, òun ni olórí gbogbo ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Kóńgò. Nígbà tó di 1965, ó gbapò lọ́wọ́ òyìnbó tó gbẹ̀yìn tó ṣe olórí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà.

Ọ̀nà jíjìn ni ìgbéyàwó irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Láti ayé òyìnbó ni àwọn ìyàwó ṣọ́jà ti ń tẹ̀lé ọkọ wọn láti bárékè kan dé òmíràn. Ilé tí wọ́n ń gbé kì í ṣe tiwọn. Bí àṣẹ bá ti dé pé kí ọkọ lọ sí ìlú mìíràn, ìyàwó yóò palẹ̀ ẹrù mọ́, yóò mú àwọn ọmọ kúrò níléèwé, yóò sì lọ bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ obìnrin Yorùbá àti Ìgbò inú bárékè gbọ́ Haúsá bí ẹni pé Òkè Ọya ni wọ́n bí wọn sí. Àwọn obìnrin bárékè ní olórí tiwọn náà, tí wọ́n ń pè ní Màgájíyà, ẹni tó ń parí ìjà, tó sì ń ṣètò ayẹyẹ. Bí ogun bá gbé ọkọ lọ, ìyá nìkan ni ó kù tí yóò jẹ́ ìyá, tí yóò sì tún jẹ́ baba.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1966, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kọ́kọ́ dìtẹ̀ sí ìjọba, wọ́n wọ ilé Ọ̀gágun Samuel Adémúlẹ́gùn, ọmọ Oǹdó, ní Kàdúná, wọ́n sì pa òun àti ìyàwó rẹ̀, Latifat, tòun ti oyún tó wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà kò gbé ìbọn, kò sì bá ẹnikẹ́ni du ipò. Ọjọ́ kejì ìdìtẹ̀ yẹn ni ìjọba bọ́ sọ́wọ́ Ironsi, tí Victoria fi di ìyàwó olórí ìjọba ológun àkọ́kọ́.

Oyè yẹn kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù keje, Ironsi ń lọ káàkiri orílẹ̀-èdè, ó sì wá bá àwọn ọba ṣèpàdé ní Ìbàdàn. Fájuyì ló gbà á lálejò nílé ìjọba. Ibẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà ká wọn mọ́, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí ọ̀nà Ìwó.

Ohun tó tẹ̀lé e ló le jù fún ìdílé méjèèjì. Ìjọba tuntun kò kéde ikú náà. Láti oṣù keje títí wọ inú ọdún tuntun, ìjọba kò sọ ní gbangba pé Ironsi ti kú. Yorùbá a máa sọ pé kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kí ó nù lọ. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ ṣe rí fún obìnrin yìí nìyẹn: ìjọba kò pè é ní opó, ọkọ rẹ̀ kò sì sí nílé. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín Gowon àti Ojukwu, kò sì hàn gbangba títí tí àwọn olórí ológun fi pàdé ní Aburi, ní Gánà, ní ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 5, oṣù kìíní, ọdún 1967. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn ni ìjọba tó kéde ikú náà. Wọ́n hú òkú àwọn méjèèjì, wọ́n gbé Fájuyì lọ sí Adó-Èkìtì, wọ́n sì sin Ironsi sí Umuahia pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun ní oṣù kìíní yẹn kan náà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú náà ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Enugu bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Umuahia tí sàréè Ironsi wà gan-an ló di olú-ìlú Biafra, títí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi gba ìlú náà ní oṣù kẹrin, ọdún 1969.

Nínú gbogbo rògbòdìyàn yìí, àwọn ọmọ Ironsi kò tú ká. Ọ̀kan nínú wọn, Thomas, ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi ṣe mínísítà ètò ààbò ní 2006. Ọmọ tí ìbọn ṣọ́jà sọ di aláìníbaba ni àwọn ọ̀gá ológun wá ń jábọ̀ fún, ojú ìyá rẹ̀ sì ló ṣe.

Kì í ṣe òun nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú Ironsi, àwọn ṣọ́jà tún pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní Èkó, ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1976. Ìyàwó rẹ̀, Àjọkẹ́, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ló dúró ti àwọn ọmọ.

Orúkọ àwọn ọkọ kò parun. Bárékè Odógbó ní Òjòó, Ìbàdàn, ń jẹ́ orúkọ Fájuyì, títì kan sì ń jẹ́ Aguiyi-Ironsi ní Maitama, Àbújá. Àwọn ìyàwó kò ní bárékè tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Ọmọ tí wọ́n tọ́ àti ilé tí wọn kò jẹ́ kó wó ni ohun ìrántí tiwọn. Oṣù kẹjọ, ọdún 2021, ni Victoria Aguiyi-Ironsi jáde láyé, lẹ́ni ọdún 97.