Ṣé O Ń Gbọ́ Yorùbá? Ìtàn Ọ̀rọ̀ "Hear"

Ọ̀pọ̀ wa tó kàwé ní Nàìjíríà ló ti rí irú nǹkan báyìí. Ọmọ kan nawọ́ ní kíláàsì, ó ní, "Aunty, I am hearing a bad smell." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá bi í pé, "Etí lo fi ń gbóòórùn ni?" Ẹ̀rín tún sọ. Ọmọ náà jókòó, kò sì nawọ́ mọ́ títí agogo fi lù. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹlòmíràn á ní "I don't hear Hausa", wọ́n á sì ní kí òun náà jókòó: èèyàn kì í "hear" èdè, "understand" ni kó wí.

Olùkọ́ ò jẹ̀bi o. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò WAEC kò gba irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa nígbà yẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń nà wá yẹn náà ní ìtàn. Ìgbà kan wà tí iṣẹ́ "hear" pọ̀ ju ti òde òní lọ, tó sì sún mọ́ iṣẹ́ "gbọ́" tiwa gan-an. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ lẹ́yìn díẹ̀.

Ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí èkejì. Ní Wessex, "hīeran" ni. Láàárín àwọn Angle, "hēran" ni, èyí yìí ló sì di "hear" tí a mọ̀. Ó ní àwọn ìbátan káàkiri Yúróòpù: "hören" lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, "horen" lọ́dọ̀ àwọn Dutch. Nínú èdè Gothic tó ti kú tipẹ́, èyí tí bíṣọ́ọ̀bù Wulfila túmọ̀ Bíbélì sí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, "hausjan" ni. Ẹ rí i pé "s" ló wà níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní "r". Ìyípadà ohùn kan náà ló mú kí "was" àti "were" yàtọ̀ síra bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé kan ni wọ́n.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣe nígbà yẹn? Ó ń ṣe iṣẹ́ etí, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti iṣẹ́ àṣẹ. Ọba Alfred ló jọba Wessex láti ọdún 871 sí 899. Lásìkò rẹ̀, atukọ̀ kan láti Norway tó ń jẹ́ Ohthere wá ròyìn ìrìnàjò rẹ̀ fún un, wọ́n sì kọ ìròyìn náà sílẹ̀. Nígbà tó dé orí àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Denmark, "hear" ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n lò: àwọn erékùṣù náà ń "gbọ́" ti Denmark. Erékùṣù ò kúkú ní etí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Denmark ló ni wọ́n, àṣẹ Denmark ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn ará Jámánì ò tíì jù ú nù. Títí di òní, "gehören" ni wọ́n ń lò láti sọ pé nǹkan jẹ́ ti ẹnìkan, "gehorsam" sì ni onígbọràn. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà ní "gehīersum", ìtumọ̀ kan náà. Yorùbá tó bá ka èyí ò ní jẹ́ kó ya òun lẹ́nu. Nígbà tí màmá bá ní "Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn", kò sẹ́ni tó máa gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà etí.

Báwo wá ni "hear" ṣe pàdánù iṣẹ́ yìí? Ní ọdún 1066, àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Faransé di èdè ààfin àti ti ilé-ẹjọ́. Láti inú Faransé yìí ni "obey" ti wọlé, ó sì gba iṣẹ́ ìgbọràn lọ́wọ́ "hear". Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí: "obey" fúnra rẹ̀, inú "oboedire" ti èdè Látìn ló ti wá, inú "oboedire" sì ni "audire" wà, èyí tó túmọ̀ sí kí a gbọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìgbọràn lọ́wọ́ "gbọ́" ti ilé, wọ́n gbé e fún "gbọ́" ti òkèèrè! Ní ti kí èdè yé èèyàn, "understand" ti wà nílé tipẹ́, òun ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Díẹ̀díẹ̀, "hear" padà sídìí etí.

Kò padà tán o. Ẹ wo ilé-ẹjọ́. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà bá fẹ́ jókòó, akéde á kígbe "Oyez!" lẹ́ẹ̀mẹta. Faransé àwọn ará Normandy nìyẹn, "ẹ gbọ́" ló sì túmọ̀ sí. Ìgbẹ́jọ́ fúnra rẹ̀, "hearing" ni wọ́n ń pè é. Apá 36 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ sí "fair hearing". Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ní tiwọn: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ilé-ẹjọ́ yìí kan náà ló ń ṣọ́ra fún "hearsay", ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ní ọdún 2011 kò gbà á wọlé, àfi níbi tí òfin bá ti yọ̀ǹda.

Ẹ tún wo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlú Ọba. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti ń kígbe "Hear him, hear him!" bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ dákẹ́ fún un. Nígbà tó máa fi di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gé e kù sí "Hear, hear!", ó sì ti di ọ̀nà láti sọ pé "òótọ́ ọ̀rọ̀, a wà lẹ́yìn rẹ".

Nínú Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ náà, ìtumọ̀ àtijọ́ ṣì ń yọjú. Ẹni tó bá ní "I won't hear of it" ti gbọ́ ọ dáadáa. Ohun tó ń sọ ni pé òun ò ní gbà. Ìjọ tó bá ní kí Olúwa "hear" àdúrà àwọn kò rò pé Ọlọ́run dití. Wọ́n fẹ́ kó ṣe é ni. Bàbá tó bá pariwo "Do you hear me?" kò fẹ́ mọ̀ bóyá etí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé e náà ń yí i padà. Tí o bá "hear from" ẹnìkan, òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí ọ. Tí o bá "hear of" rẹ̀, o kàn mọ̀ pé ó wà ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ya "hear" sọ́tọ̀ kúrò lára "listen": "hear" ni kí ohùn wọlé sí ọ létí, "listen" ni kí o tẹ́tí sí i, bí kò tilẹ̀ tíì sí ohùn kankan. Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ ìyàtọ̀ yìí. Ètò tó bá ń dúró de iṣẹ́ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "listen" la máa ń sọ pé ó ń ṣe. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má kàn án lójú.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ọmọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ní Yorùbá, à ń gbọ́ ohùn, à ń gbọ́ òórùn, à ń gbọ́ èdè, à ń gbọ́ràn, à ń gbọ́ ẹjọ́, à sì tún ń gbọ́ bùkátà. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. "Ji" ti Hausa ń gbọ́ ohùn, ó ń gbọ́ òórùn, ó sì ń gbọ́ èdè. "Nụ" ti Ígbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá o gbédè ní Ghana, "te" ló máa lò ní Twi, "se" ní Ewe, gbígbọ́ sì ni méjèèjì. Ọmọ yẹn ò ya òmùgọ̀. Ó gbé ọgbọ́n tí gbogbo àdúgbò wa mọ̀ wọnú èdè àlejò ni.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 18, ìránṣẹ́ ọba Ásíríà dúró lẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù, ó ń fi èdè Júù halẹ̀. Àwọn ìjòyè ọba Hesekáyà bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó máa fi èdè Árámáìkì bá àwọn sọ ọ́. Ìdí tí wọ́n fún un nínú èdè Hébérù ni pé àwọn "ń gbọ́" Árámáìkì. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọba James ní 1611 ò lè fi "hear" síbẹ̀. "Understand" ni wọ́n kọ. Àwọn ará ìlú tó wà lórí odi ni ẹ̀rù wọn ń ba àwọn ìjòyè. Wọn ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, torí ẹni tó bá gbọ́ èdè, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára nìyí. Bí o bá bi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lónìí, ní London, ní Houston, àní ní Lekki níbí, bóyá wọ́n gbọ́ Yorùbá, ìdáhùn wọn kì í yàtọ̀: "Mo ń gbọ́ ọ, mi ò kàn lè sọ ọ́ ni." Ìyá àgbà á máa sọ Yorùbá lórí fóònù, ọmọ-ọmọ á máa fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Wọ́n gbọ́ ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dágbére. A ò ní fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, torí ohun tó ní lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá ní òórùn rẹ̀, ó ní àwàdà rẹ̀, ó mọ ìgbà tí "ṣé o ti gbọ́?" jẹ́ ìròyìn àti ìgbà tó jẹ́ ìkìlọ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ìyá àgbà sọ ni ọmọ náà fi gbọ́. Tí òun náà bá bímọ tí kò sì sọ nǹkan kan, kí ni ọmọ tirẹ̀ máa gbọ́? Ẹnu ni èdè fi ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Àwọn baba wa mọ̀ pé gbígbọ́ tí kò ní ìdáhùn kò tíì pé, ìdí nìyẹn tí "gbọ́" fi tún jẹ́ kí a ṣe ohun tí wọ́n wí.

Tí ọmọ bá ní òun ń "hear" òórùn, ẹ sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó lo "smell" nínú ìdánwò. Kí ẹ sì sọ ibi tó ti rí i fún un, kó má fi ti ìtìjú jókòó. Tí ìwọ náà bá wà lára àwọn tó ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí kì í sọ, nígbà tí màmá bá tún pè, fi Yorùbá dá wọn lóhùn. Bó bá ṣe wọ́gọwọ̀gọ tó, wọ́n á gbọ́ ọ.