Ọtí, Ẹ̀jẹ̀ àti Ọwọ́ Tí Ó Pẹ́ Dé Bíréèkì

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọ̀rọ̀ ọtí líle ti ń fa àríyànjiyàn ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ìjọba ń wo owó oníbodè tí ó ń mú wọlé, àwọn oníwàásù ń wo ìwà àwọn tí ń mu ún, àwọn oníṣòwò ń wo èrè. Ìbéèrè kan ni ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè: kí ni ọtí ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó mu ún, ǹjẹ́ onítọ̀hún fúnra rẹ̀ sì lè mọ̀?

Caldwell jẹ́ ìlú kan ní etí odò St. Paul, ní ìtòsí Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà. Ní 1825 ni àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti Amẹ́ríkà dé tẹ ìlú náà dó, a sì fi orúkọ Elias Caldwell, akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ó rán wọn wá, pè é. Ní bèbè odò yìí ni àwọn àtìpó ti gbin ìrèké ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì ń fi ṣe ṣúgà àti ọtí. Ṣúgà náà kò lè bá ti ilẹ̀ òkèèrè díje lọ títí, ṣùgbọ́n ọtí ìrèké kò parun. Títí di òní ni a ń pọn ọ́n ní Làìbéríà, orúkọ tí wọ́n sì fún un kò ju "omi ìrèké" lọ, bí ẹni pé ohun mímu ọmọdé ni.

Ní Èkó àti Gúúsù Nàìjíríà, jíìnì òyìnbó ni ó gbòde ní tirẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, apá ńlá nínú owó tí ń wọlé fún ìjọba amúnisìn ni ó ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1909. Ẹ̀rí ẹnu ni ìgbìmọ̀ náà gbọ́, nítorí pé ọ̀nà tí a lè gbà fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ díwọ̀n ọtí inú ara kò tí ì sí nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ìdánwò mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì. Ní 1892, oníṣègùn ọpọlọ kan, Emil Kraepelin, tẹ ìwé jáde lórí bí ọtí àti àwọn oògùn kan ṣe ń yí iṣẹ́ ọpọlọ padà. Ó wọn àkókò tí ó ń gba ènìyàn kí ó tó dáhùn sí àmì tí a fi hàn án. Ó rí i pé ọtí díẹ̀ lè kọ́kọ́ mú ọwọ́ yá, ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí ènìyàn yan èyí tí ó tọ́ nínú ohun méjì, ọpọlọ a máa fà. Síbẹ̀, ẹni náà a máa rò pé òun yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní 1922, Erik Widmark ti Yunifásítì Lund ní Sweden fi ọ̀nà hàn láti fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ mọ ìwọ̀n ọtí. Nígbà tí ó di 1936, Norway ṣòfin pé awakọ̀ tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ju ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ti jẹ̀bi.

Ọtí kì í dúró kí ó dà bí oúnjẹ kí ó tó ṣiṣẹ́. Láti inú ikùn àti ìfun ni ó ti ń wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń ṣe é. Kọfí kò lè lé e, omi tútù kò lè lé e. Alùpùpù tí ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí ń rin ju mítà 16 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọwọ́ bá fi ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá péré pẹ́ dé bíréèkì, ó ti kọjá ibi tí ì bá dúró sí ní mítà 3 ó lé díẹ̀. Ìwọ̀n yìí tó láti pa ọmọ tí ń sọdá títì.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Làìbéríà parí ní 2003, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, tí àwọn kan nínú wọn ti gbé ìbọn rí, bẹ̀rẹ̀ sí fi alùpùpù gbé èrò ní Monrovia àti agbègbè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́kadà ti ń ṣe ní Nàìjíríà. Ní 2013, ìjọba lé wọn kúrò ní àwọn òpópónà ńlá. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè sọ ibi tí alùpùpù yóò gbà. Kò lè sọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń gùn ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí ìwọ̀n ọtí má ṣe ju 0.05 lọ fún awakọ̀ gbogbo, kí ó má sì ju 0.02 lọ fún ọ̀dọ́ àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọkọ̀ wà, nítorí pé ìwọ̀n ọtí kan náà a máa wu ọ̀dọ́ léwu lójú pópó ju àgbà awakọ̀ lọ.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn. Ẹni tí ó mutí tán tí ó wá bi ara rẹ̀ bóyá òun ṣì lè gun alùpùpù ti gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, nítorí ọtí ni ó ń jẹ́rìí fún un. Kí ife àkọ́kọ́ tó kan ẹnu ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ pinnu ẹni tí yóò gbé e délé. Àwọn ìjọba wa pẹ̀lú ní láti fi ìdíwọ̀n sí ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ òótọ́ tí ẹnu kò lè sọ.